Ẹni Kan Ń Wo Aṣọ Náà

"Ó ṣì ń wò ó! Umbu, kò tíì lọ!" Ahunṣọ náà tún fi ìka dín owó aṣọ rẹ̀ kù lórí fóònù, ó já a láti mílíọ̀nù mẹ́rin owó rupiah sí mẹ́ta. Ìsọ̀ orí fóònù rẹ̀ kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán aṣọ gbàgàdà: ẹni kan ń wò ó.

"Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dín in mọ́," ni Umbu Ndilu wí, ẹni tó bá a ṣí ìsọ̀ náà láàárọ̀. Ìsọ̀ tó gbayì jù bẹ́ẹ̀ ló kọ́kọ́ fi hàn án o, màmá ní òun ò fẹ́, èyí tóun lè fọwọ́ ara òun yí owó ẹ̀ ni kó fóun.

"Ẹ̀yin nìkan lẹ sá ń nájà! Oníbàárà ò tíì sọ̀rọ̀," ni Umbu tún wí.

"Ṣé o fẹ́ kó lọ ni? Òjò ò rọ̀, àgbàdo gbẹ lóko, kí làwọn ọmọ-ọmọ mi fẹ́ jẹ?" Ọdún kan gbáko ló fi hun aṣọ yẹn. Ó tún dín in sí méjì.

Umbu wo fóònù tiẹ̀. Aṣọ náà ló wà lójú fóònù ọ̀hún gbalaja, látìgbà tó ti ṣí i yẹ̀ wò. Àṣé òun lẹni kan ọ̀hún! Ó yára pa á dé.

"Ó ti lọ o!" Màmá káwọ́ lérí. "Yéè, Umbu, ó ti lọ!"

Umbu ò lè wò ó lójú. Ó rọra tún ṣí i.

"Ó ti padà!" Màmá nu ojú, ó ti abọ́ ewé sirih tó fi ń gbàlejò síwájú fóònù. "Ẹ káàbọ̀ o, oníbàárà mi. Ẹ fara balẹ̀ wò ó."