Sányán Tí Ìyìn Fẹ́ẹ̀ Gbé Lọ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Ní Ìsẹ́yìn, níbi tí ìró òfì ti máa ń jí àdúgbò, ahunṣọ kan wà tí ń jẹ́ Múínátù. Kò sí ẹni tó mọ sányán hun bíi tirẹ̀, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ìyìn máa ń pa á bí ọtí. Ẹni tó bá ti kì í, kò lè fi nǹkan dù ú.

Orí ọjà ayélujára ló ti ń tajà, “Àjíkẹ́ Aláṣọ” sì ni orúkọ ìsọ̀ rẹ̀. Òfin ọjà náà yéni: bí ẹrù bá lọ sí àdírẹ́sì tí oníbàárà kọ nígbà tó ń sanwó, ọjà yóò gbè sẹ́yìn ẹni tó tà á. Bí ó bá gba ibòmíràn lọ, òun nìkan ni yóò ru àdánù rẹ̀.

Bí ó ti ń di sányán kan tó ń lọ sí Ìbàdàn, fóònù dún.

“Àjíkẹ́ ọ̀kín! Ọmọ a-fi-òfì-ṣọlá! Èmi ni mo ra aṣọ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí. Àbúrò mi yóò gbà á ní gáréèjì.”

Orí Múínátù wú. Ó ti fa ìlà sórí àdírẹ́sì Ìbàdàn kí àṣà agbo ilé wọn tó sọ sí i lọ́kàn: ẹni tó bẹ iṣẹ́ aṣọ ni í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

“Ẹ ṣeun, sà. Orí ọjà lẹ ti rà á. Ẹ padà síbẹ̀, ẹ fagi lé ti àkọ́kọ́, kí ẹ tún un rà pẹ̀lú àdírẹ́sì tuntun.”

“Ẹ ò gbà mí gbọ́ ni?”

“Ẹ̀yin kọ́, sà. Gáréèjì yẹn ni mi ò gbà gbọ́.”

Ni ìyìn bá di èébú. “Ahunṣọ lásánlàsàn! Agídí ni yóò pa ọ́!” Ó pa fóònù.

Múínátù tún àdírẹ́sì Ìbàdàn kọ, ó sì fi aṣọ náà ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí ó débẹ̀ ni ìyá àgbàlagbà kan pè é.

“Ọmọ mi, wọ́n gbé aṣọ wá fún mi, mi ò sì ra aṣọ kankan. Olè kan ló wọ àkáǹtì mi, owó mi àti àdírẹ́sì mi ló fi rà á.”

Ó wá yé Múínátù. Ká ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó fi í ránṣẹ́ sí, aṣọ ì bá ti lọ, ọjà ì bá sì gba owó padà lọ́wọ́ rẹ̀. “Ẹ dá a padà, Mà. Owó yín kò ní sọnù.”

Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín. “Kí n dá kí ni padà? Mo ti tú u wò! Olè yẹn mọ aṣọ yàn jù mí lọ. Jẹ́ kí owó náà máa gbé ibẹ̀. Èmi ni n ó wọ̀ ọ́ lọ síbi ìwúyè àbúrò mi.”

Ó wọ̀ ọ́ lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n bi í pé ta ló hun irú aṣọ báyìí, ó gbé orí sókè: “Àjíkẹ́ Ìsẹ́yìn ni.” Ẹni tó kì í lọ́tẹ̀ yìí kò bẹ̀bẹ̀ fún ohunkóhun.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyí: ẹ máa fi iṣẹ́ ọwọ́ yín yangàn, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí adùn ẹnu ẹnikẹ́ni mú yín kúrò lábẹ́ òfin tó ń dáàbò bò yín. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.