Èékánná Funfun

Àlọ́ mi rọra fò nínú ìkùukùu, ó bà sórí igi ìyeyè etí odò, ó bà lé Ìyá Lékeléke àti àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì lè fò.

Ìkùukùu náà pọ̀ débi pé igi ọ̀hún dà bí èyí tó léfòó. Àwọn ẹyẹ fẹ́ dìbò yan ẹni tí yóò máa ṣọ́ ìtẹ́ wọn. Kannakánná jáde. Òun ló ké lésìí tí ejò fi sá.

Ìyá Lékeléke wò ó tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀. "Ẹ ṣeun, bàbá. Àyà yín funfun lóòótọ́. Ìyókù ńkọ́?"

Ológbò pẹ̀lú jáde, ó yọ èékánná. "Ìyá mi, ẹ wo bó ti funfun. Ṣebí ẹ̀yin lékeléke lẹ ń fún aráyé ní èékánná funfun?"

Orí Ìyá Lékeléke wú. "Àwa ni. Ọmọ wa ni ọ́."

"Ẹ bi í léèrè ohun tó ń fi í ṣe," ni Kannakánná wí.

"Ìlara dúdú nìyẹn," ni Ìyá Lékeléke fèsì, ó sì dárin:

Ta ni yóò ṣọ́ ìtẹ́ wa?
*Funfun, ẹni tiwa.*
Bó bá léyín lẹ́nu ńkọ́?
*Funfun, ẹni tiwa.*

Ológbò wọlé. Nígbà tí Ìyá Lékeléke fi máa jẹun dé, ìhùùhù àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan ló kù nínú ìtẹ́. Ó sunkún títí.

"Ṣé kí n wá máa ṣọ́ yín báyìí?" ni Kannakánná bi í.

Ó nu ojú. "Ẹ ṣeun, bàbá. Idì tó ń rà bàbà lókè yẹn, ẹ ò rí bí orí rẹ̀ ti funfun?"