Ohun Tí Òkété Kọ́kọ́ Kó Síta

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó wọ ihò Òkété, kò ríbi jókòó: èèpo ẹ̀kùrọ́ ti gba gbogbo ilé. Ìyàwó Òkété bá lọ gbé iṣẹ́ fún Ìgbín, ọ̀gá àwọn tó ń bá ni palẹ̀ ilé mọ́. Bí Ìgbín ṣe wọlé, orin ló dá:

"Bàbá Òkété, èèpo yìí ńkọ́?"
Ègbè: Ẹ kó o síta!
"Ti ìdí ògiri ńkọ́?"
Ègbè: Ẹ kó o síta!

Òkété fárígá. "Ìyá mi ló pa ẹ̀kùrọ́ yẹn! Mi ò ní kó nǹkan kan síta."

Ìgbín ní, "Ẹ ti kó nǹkan síta tipẹ́. Ẹ yọjú wò ó."

Òkété yọjú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń gbọ̀n lábẹ́ òjò.

Kí òjò náà tó dá, ọmọ ti wọlé, èèpo ti bọ́ síta. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó lọ wo ẹnu ihò Òkété.