Ewé Ìbíwùnmí àti Oúnjẹ Sẹ́ẹ̀lì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́ ti Ìbíwùnmí, ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí kan ní Ìbàdàn. Ọpọlọ rẹ̀ pé, ó sì láàánú lójú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ó kánjú jù, kì í sì í fẹ́ gba ìmọ̀ràn.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa sin sẹ́ẹ̀lì, ohun abẹ̀mí tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, nínú àwo pẹlẹbẹ. Ó ń wá ewé tí yóò borí fáírọ́ọ̀sì kan, kòkòrò àìsàn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì, tó sì ń pa àwọn ọmọ ọwọ́. Omi inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ màlúù ló fi ń bọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, ó sì ń kẹ́ wọn bí abiyamọ.

Bàbá Òjélabí, tó ti lo ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ náà, kìlọ̀ fún un. "Ọmọ mi, lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ da fáírọ́ọ̀sì sí wọn, yọ oúnjẹ yẹn kúrò. Ó lè dí fáírọ́ọ̀sì lọ́nà."

Ìbíwùnmí rẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ṣé kí n febi pa wọ́n ni?" Ó bu oúnjẹ kún un, ó da omi ewé sí i, ó wá da fáírọ́ọ̀sì lé e.

Ní ọjọ́ kẹta, kò sí sẹ́ẹ̀lì kankan tó kú. Ìbíwùnmí bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Kíá ló ti kọ lẹ́tà sí àwọn dókítà pé òun ti rí oògùn.

"O kú iṣẹ́," ni Bàbá wí. "Àwọn tí o ò fún ní ewé ńkọ́? Ṣé wọ́n kú?"

Ìbíwùnmí tún àwọn àwo rẹ̀ wò. Kò tilẹ̀ ṣe irú àwo bẹ́ẹ̀. Òun àti Bàbá jọ ṣe é, wọ́n sì da fáírọ́ọ̀sì sí gbogbo rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó ní oúnjẹ láìní ewé kò kú. Èyí tó ní ewé láìní oúnjẹ kú pátápátá, bẹ́ẹ̀ ebi ọjọ́ mẹ́ta kì í pa wọ́n. Àṣé oúnjẹ ló ń dáàbò bò wọ́n! Bí lẹ́tà yẹn bá ti lọ ni, ewé tí kò ṣe nǹkan kan ni wọn ì bá máa fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ìbíwùnmí fa lẹ́tà náà ya, ó sì sunkún. Bàbá gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́. "Ewé kan ló já ọ kulẹ̀, ọmọ mi. Igbó ṣì kún."

Nígbà tí ewé kẹsàn-án dá fáírọ́ọ̀sì dúró, Ìbíwùnmí kò jó. Ó kọ́kọ́ pe Bàbá: "Ẹ wá bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, kí n tó yọ̀."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa dán ayọ̀ yín wò kí ẹ tó pariwo rẹ̀, ẹ sì máa gbọ́ ti ẹni tó ṣáájú yín. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.