Ẹni Tó Kẹ́yìn Ìlà

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, ẹ fetí sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà ní ìlú Òkè-Àràbà tó ń jẹ́ Fadérera. Ọpọlọ rẹ̀ jí pépé, ọwọ́ rẹ̀ sì yá, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kejì. Tó bá ti kọ ọ́, ó ti kọ ọ́ nìyẹn.

Òun ló ṣe ojúewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ilé ìwòsàn ojú kan nílùú náà fi ń to àwọn aláìsàn. JavaScript ni èdè kọ̀ǹpútà tó fi kọ ọ́. Bí nọ́ọ̀sì bá tẹ orúkọ ẹni tí dókítà ti tọ́jú, kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ wá ipò tí orúkọ náà wà lórí ìlà, á wá yọ ẹni tó wà ní ipò yẹn kúrò. Ọ̀gá Fadérera, Bùọ̀dá Oyèkúnlé, wo iṣẹ́ náà, ó ní, "Tí wọ́n bá ní kó yọ ẹni tí kò sí lórí ìlà ńkọ́? Ṣé o ti dán ìyẹn wò?"

Fadérera rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà, Bùọ̀dá! Ta ló máa yọ ẹni tí kò sí?"

Lọ́jọ́ tí dókítà iṣẹ́ abẹ wá, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì ń wá lọ́dún, Fadérera lọ síbẹ̀ láti wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nẹ́tíwọọ̀kì ń fà lọ́jọ́ náà. Ẹ sì mọ̀ wá: bí a bá tẹ nǹkan tí kò tètè dáhùn, a ó tún un tẹ̀. Nọ́ọ̀sì tẹ orúkọ bàbá kan tí wọ́n ti ṣe ojú rẹ̀ tán, kò rí ìyípadà kankan, ló bá tún un tẹ̀. Nígbà tó yá, orúkọ bàbá lọ, nọ́ọ̀sì sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ìlà tán, dókítà palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó kan, Màmá Ìbíwùmí, ṣì jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Awọ funfun ti bo ojú rẹ̀, láti oko ló sì ti wá.

"Ẹ ò tíì lọ sílé ni, mà?" Fadérera bi í.

"Wọn ò tíì pè mí, ọmọ mi."

Fadérera wo ìlà náà lórí fóònù rẹ̀, kò sí orúkọ kankan níbẹ̀ mọ́. "Bóyá ẹ ò forúkọ sílẹ̀ ni. Iṣẹ́ tí mo ṣe kì í gbàgbé èèyàn, mà."

Màmá sorí kọ́. "Ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà gba orúkọ mi láàárọ̀. Ó ní èmi ni mo kẹ́yìn."

Fadérera rántí ìbéèrè ọ̀gá rẹ̀. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó to orúkọ díẹ̀ sórí ìlà, ó yọ ọ̀kan, ó sì tún ní kó yọ ọ̀kan náà. Ni orúkọ tó kẹ́yìn bá pòórá! Àṣé bí kọ̀ǹpútà bá wá orúkọ tì, òdo dín ẹyọ kan ló ń fi dáhùn, àṣẹ tó ń yọ èèyàn sì gba ìyẹn sí pé kí òun ka ìlà láti ẹ̀yìn, kí òun mú ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá. Títẹ̀ kejì tí nọ́ọ̀sì tẹ orúkọ bàbá yẹn ló gbé Màmá lọ.

Ó sáré dé ẹnu géètì, ó kúnlẹ̀ níwájú ọkọ̀ dókítà. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Màmá kan kù. Èmi ni mo yọ wọ́n kúrò, wọn ò jẹ̀bi. Tí ẹ bá lọ, wọn ò ní ríran títí di ọdún tó ń bọ̀." Ó ti rẹ dókítà. Ó mí kanlẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ láti lọ ṣe ojú Màmá.

Orí bẹ́ǹṣì tí Màmá fi sílẹ̀ ni Fadérera jókòó sí, tó kọ gbólóhùn tó yẹ kó ti kọ tẹ́lẹ̀: bí o kò bá rí i, má fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi di ojú Màmá. Màmá gbọ́ ohùn Fadérera, ó kọjú sí i, ó wò ó títí. "Ṣé ìwọ lo ní mi ò forúkọ sílẹ̀?"

Fadérera bú sẹ́kún. "Èmi ni, mà. Ẹ dárí jì mí."

"Sún mọ́ mi dáadáa," ni Màmá wí. "O mà lẹ́wà o, ọmọ yìí."

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé, ẹ̀yin ọmọ wa: kí ẹ tó yọ ohunkóhun kúrò, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ẹ ti rí ohun tí ẹ ń wá. Bí ẹnì kan bá sì ní ẹ fo òun, iṣẹ́ ọwọ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹni tí ìkánjú yín fẹ́ gbé sọnù lè ti jókòó láti àárọ̀, kó máa retí kí ẹ pe òun.