Tíkẹ́ẹ̀tì Karùn-ún

Èmi, ọkọ mi àtàwọn ọmọ wa méjì là ń lọ lo hòlídè ní erékùṣù Barbados.

Èèyàn mẹ́rin. Kí ló dé tí tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fi jẹ́ márùn-ún?

Inú àpótí ọkọ mi ni mo ti rí i láàárọ̀ yìí. Hilda Oyèníran ló wà lára ìkarùn-ún.

Oyèníran lorúkọ ọkọ mi. Ó ti gbé orúkọ ilé wa fún un ná.

Àbájọ. Látìgbà tí owó Údójí tíjọba fi kún owó oṣù wọn ti dé ló ti ń dá rẹ́rìn-ín.

Mi ò sunkún. Mo mú tíkẹ́ẹ̀tì náà, mo gbéra ní Àgùdà, ó di ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi ní Èbúté-Mẹ́ta.

"Màmá, ọmọ yín fẹ́ gbé àlè tẹ̀ lé wa lọ sókè òkun. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rèé."

Màmá ò mọ̀wé. Ó gbà á, ó fà á ya sí wẹ́wẹ́.

"Kó máa wẹ òkun lọ. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ní tẹ bàálù. Kí tilẹ̀ lorúkọ aláìnítìjú náà?"

"Hilda ni, Màmá."

Ó rọra kúnlẹ̀, ó ń ṣa bébà jọ.

"Ìdí tọ́mọ mi fi mú mi lọ ya fọ́tò nìyẹn. Ìyàwó, Hilda ni wọ́n fi ṣèrìbọmi fún mi."

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń pè é ní Màmá. Ìyàwó wo ló ń bi ìyá ọkọ léèrè orúkọ?

"Bá mi ṣà á. Tí ọkọ ẹ bá bèèrè, eku ló jẹ ẹ́."