Mi Ò Tíì Fi Ọjọ́ Kan Sílẹ̀

Ààwẹ̀ di mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lónìí. Ó ti rẹ̀ mí.

Nílé ọkọ mi ní Sabon Gari, tí nǹkan oṣù ìyàwó ilé kan bá dé, gbogbo ilé ló máa mọ̀, torí kò ní gbààwẹ̀.

Èmi àti ìyá ọkọ mi nìkan la ò tíì fi ọjọ́ kan sílẹ̀.

Ìyá ti ń ṣọ́ mi. Bí a ṣe ń ṣínu, wọ́n gbé ife kunu lé mi lọ́wọ́.

"Sùwébátù, ìyàwó mi, má gbààwẹ̀ mọ́ o. Má febi pa ọmọ inú ẹ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án! Alhamdulillahi!"

Àwọn ìyàwó yòókù bú sáyọ̀.

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Kò sí okun àlàyé lára mi.

Kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ni dókítà ti sọ fún mi: lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógójì, nǹkan oṣù mi ti parí pátápátá, bíi ti ìyá ọkọ mi.